Sítíkà Kì Í Kúnlẹ̀

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì tí Màmá Oǹdó dé sí Ọ̀bà-Ilé lẹ́bàá Àkúrẹ́, wọ́n wẹ̀, wọ́n wọ bùbá tó mọ́, wọ́n we gèlè kékeré, wọ́n sì jókòó sórí àga tó kọjú sí yàrá àwọn ọmọ. Wọ́n ń dúró kí àwọn ọmọ-ọmọ wọn jáde wá kí wọn.

Kò sí ẹni tó jáde.

Ojú mi ló ṣe. Mo lọ kí wọn kú àbọ̀ ni, nítorí ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín ilé wa àti tiwọn. Àṣàkẹ́ ni orúkọ mi, nọ́ọ̀sì ni mí, ṣùgbọ́n Ìyá Ṣàkírù ni gbogbo àdúgbò ń pè mí. Ògbómọ̀ṣọ́ ni àwọn òbí mi ti wá ta ọjà ní Àkúrẹ́, ibí ni wọ́n sì bí mi sí. Mo sọ èyí kí ẹ lè mọ̀ pé èmi kì í ṣe àlejò, mo sì lẹ́nu àtibá ọmọ aládùúgbò wí.

Bí a ṣe jókòó, fóònù Lọ́lá, ìyàwó ilé, dún. Ó tún dún. Lọ́lá wò ó, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì gbé e síwájú ìyá ọkọ rẹ̀.

"Màmá, wọ́n ti kí yín o."

"Àwọn wo?"

"Ọ̀rẹ́olúwa àti Precious. Ẹ wò ó."

Màmá wọ awò ojú wọn. Àwòrán ọmọkùnrin kan tó ń dọ̀bálẹ̀ ló wà níbẹ̀, ó ń lọ sílẹ̀, ó ń dìde, kò sinmi. Ti ọmọbìnrin kan tó kúnlẹ̀ wà nísàlẹ̀ rẹ̀, ìyẹn ń ṣẹ́jú.

"Ọmọ ta nìwọ̀nyí?" Màmá bèèrè.

"Sítíkà ni, Màmá. Bí wọ́n ṣe ń kíni lórí Wásáàpù báyìí nìyẹn. Inú gúrúùpù ilé wa ni. Òun ni wọ́n fi ń kí èmi àti bàbá wọn láràárọ̀."

"Àwọn ọmọ gan-an wá ńkọ́? Níbo ni wọ́n wà?"

Lọ́lá nawọ́ sí ilẹ̀kùn tó wà níwájú wa. "Wọ́n wà ní yàrá."

Màmá wo ilẹ̀kùn, wọ́n wo fóònù, wọ́n tún wo ilẹ̀kùn. Wọn ò bínú. Tíṣà ni Màmá, Fẹ̀yìntọlá lórúkọ wọn gan-an, kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, ọmọ tí wọ́n ti kọ́ nílùú Oǹdó kò lóǹkà, ọgbọ́n tí wọ́n fi ń mú ọmọ ò sì tíì tán lọ́wọ́ wọn. Wọ́n kàn dá fóònù padà, wọ́n ní, "Ó dáa. Bá mi sọ fún ọmọ inú fóònù náà pé mo gbọ́ o."

Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti tán níbẹ̀. Mi ò tíì mọ Màmá Oǹdó nígbà náà.

Ọjọ́ Sátidé ni. Nígbà tó di ọ̀sán, ìró odó bẹ̀rẹ̀ sí í ti ọ̀dọ̀ wọn wá. Ará Oǹdó kì í fi ọ̀rọ̀ iyán ṣeré. Lọ́lá ló ń gún un, Màmá ló ń pàṣẹ. Wọ́n ránṣẹ́ pè mí, mi ò sì jẹ́ kí wọ́n pè mí lẹ́ẹ̀mejì.

Nígbà tí iyán wà nínú àwo, tí ọbẹ̀ ẹ̀gúsí sì ń yọ èéfín, Màmá na fóònù wọn sí mi. "Ìyá Ṣàkírù, bá mi ya iyán yìí. Jẹ́ kí ẹran náà hàn dáadáa o."

Mo yà á.

"Fi ránṣẹ́ sí inú gúrúùpù tí wọ́n fi mí sí láàárọ̀. Kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: oúnjẹ yín rèé, ẹ jẹ ẹ́ yó."

Lẹ́yìn náà wọ́n fi ìbòrí bo gbogbo oúnjẹ, wọ́n gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, wọ́n ká ọwọ́ lẹ́rán. Kò pẹ́ tí òórùn ọbẹ̀ fi fa àwọn ọmọ méjèèjì jáde. Ọ̀rẹ́olúwa ló ṣíwájú, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, ó ga bí ọ̀pẹ, fóònù wà lọ́wọ́ rẹ̀. Precious, àbúrò rẹ̀ obìnrin, tẹ̀ lé e. Wọ́n jókòó sídìí tábìlì, wọ́n wo àwo tó ṣófo.

"Ẹ káàsán mà. Màmá, oúnjẹ dà?" Ọ̀rẹ́olúwa bèèrè.

"Mo ti fi ránṣẹ́ sí yín."

"Fọ́tò la rí, mà."

"Ẹ̀n-ẹ́n. Ṣé kò yó yín ni?"

Precious ni ọ̀rọ̀ náà kọ́kọ́ yé. Ó bú sẹ́rìn-ín, ó kúnlẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ó sì di orúnkún ìyá bàbá rẹ̀ mú. Ọ̀rẹ́olúwa náà dọ̀bálẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo rí i pé ó gbé ojú fóònù sókè bó ṣe ń lọ sílẹ̀. Màmá fọwọ́ kan orí àwọn méjèèjì, wọ́n ń pè wọ́n ní "ọma mi, ọma mi", bí àwọn ará Oǹdó ṣe ń pe ọmọ, wọ́n sì ṣí oúnjẹ. Mo jẹ iyán ọjọ́ yẹn débi pé mi ò lè dìde.

Ẹ̀rín la fi parí rẹ̀. Fún ọjọ́ bíi mélòó kan, àwọn ọmọ ń jáde wá kí Màmá láàárọ̀. Díẹ̀díẹ̀, sítíkà tún padà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí Màmá fi wá sí Ọ̀bà-Ilé. Ẹ̀jẹ̀ ríru ń bá wọn jà. Òòyì kọ́ wọn lọ́jọ́ kan ní Oǹdó, wọ́n ṣubú sẹ́nu ọ̀nà, dókítà sì sọ pé kò yẹ kí wọ́n máa dá gbé mọ́. Bọ́láwálé, ọkọ Lọ́lá, nìkan ni ọmọkùnrin tí wọ́n bí, ibi iṣẹ́ ìjọba ní Alágbàáká ló wà. Òun ló lọ gbé ìyá rẹ̀ wá, inú rẹ̀ sì dùn púpọ̀. Ó sọ fún mi lórí ògiri pé, "Àǹtí, ọkàn mi ti balẹ̀. Ilé wa kì í ṣófo."

Òótọ́ ni, ilé wọn kì í ṣófo.

Ọ̀rẹ́olúwa kì í ṣe ọmọ burúkú, ẹ má jẹ́ ká purọ́ mọ́ ọn. Òun ló máa ń bá mi gbé sìlíńdà gáàsì wọlé, kì í sì í gba ohunkóhun lọ́wọ́ mi. Ó ti parí ilé ìwé girama, ó ń dúró de yunifásítì. Nínú ìdúró yẹn ni fóònù ti gbà á. Kí ojú rẹ̀ tó là tán, ọwọ́ rẹ̀ ti wà lára fóònù. Ó ń mú un wọ balùwẹ̀. Ó máa ń gbé oúnjẹ sílẹ̀ títí yóò fi tutù. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ fún mi pé àwọn ìgbà kan wà tó máa ń dà bíi pé fóònù ń gbọ̀n lápò òun, nígbà tó jẹ́ pé orí tábìlì ló wà. Ó ń rẹ́rìn-ín nígbà tó ń sọ ọ́. Èmi ò rẹ́rìn-ín.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo ń ṣa ẹ̀wà lẹ́yìnkùlé mi. Lọ́lá ti gbé kéèkì lọ fún oníbàárà, Bọ́láwálé sì wà níbi iṣẹ́. Mo gbọ́ tí Màmá ń pè láti ẹ̀yìnkùlé tiwọn.

"Ọ̀rẹ́! Precious!"

Mo ń bá ẹ̀wà mi lọ. Ọmọ wà nílé, wọ́n á dá wọn lóhùn.

"Ọ̀rẹ́olúwa o!"

Ẹ̀ẹ̀kẹta ni mo gbọ́ tí ohùn ti lọ sílẹ̀. Mo da ẹ̀wà nù, mo sáré gba ẹnu géètì wọn wọlé. Ní pálọ̀, Ọ̀rẹ́olúwa nà gbalaja sórí àga, íápíìsì wà létí rẹ̀ méjèèjì, ojú rẹ̀ wà nínú fídíò. Fèrèsé tó kọjú sí ẹ̀yìnkùlé ṣí sílẹ̀ gbayawu lẹ́bàá orí rẹ̀. Bí mo ṣe ń sáré kọjá, ó gbọ́wọ́ sókè sí mi, ó ní, "Ẹ káàsán mà," kò wò mí. Ilẹ̀kùn yàrá Precious wà ní títì, orin ń dún níbẹ̀.

Màmá ni mo bá lórí ilẹ̀, wọ́n di òpó okùn aṣọ mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Aṣọ tútù kan bò wọ́n léjìká. Òòyì ti kọ́ wọn.

"Mo pè títí," ni wọ́n sọ.

Mo gbé orí wọn lé itan mi, mo tú gèlè wọn, mo sì pariwo orúkọ ọmọkùnrin yẹn débi tí ará ìsàlẹ̀ òpópónà fi gbọ́. Nígbà tó jáde, tó rí ohun tó ṣẹlẹ̀, ó ju fóònù sílẹ̀. Ó kúnlẹ̀ sínú omi aṣọ.

"Màmá, mi ò gbọ́. Mo búra, mi ò gbọ́ rárá."

"Mo mọ̀, ọma mi," ni Màmá dáhùn. "Mo mọ̀ pé o ò gbọ́."

Ọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ yẹn dùn mí ju bí wọ́n bá gbá a létí lọ. Mo rò pé ó dun òun náà.

A dá ẹ̀jẹ̀ wọn padà bọ̀ sípò pẹ̀lú oògùn àti ìsinmi. Bọ́láwálé dé láti ibi iṣẹ́, ó gbọ́, ó sì di kìnnìún. Ó gba fóònù àwọn ọmọ méjèèjì, ó ti àwọn fóònù náà mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù, ó fi kọ́kọ́rọ́ sápò. Ó rò pé òun ti tún un ṣe.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Màmá ti di ẹrù wọn. Wọ́n ní Oǹdó ni àwọn ń lọ.

"Ẹ̀yin Màmá, kí la ṣe fún yín?" Bọ́láwálé ń bẹ̀bẹ̀. "Dókítà ní kí ẹ má dá gbé."

"Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà, Bọ́láwálé. Ẹ ń fún mi lóúnjẹ, ẹ ń fún mi lóògùn. Ṣùgbọ́n bí mo bá ṣubú ní Oǹdó, tí mo ké, ìyá tó ń ta búrẹ́dì lójúde mi á gbọ́. Adébùsóyè télọ̀ á gbọ́. Níbí, ilé kún, mi ò sì rí ẹni pè."

Ọmọ kì í ti ìyá rẹ̀ mọ́lé. Bọ́láwálé gbé ẹrù sínú ọkọ̀, ó wa ìyá rẹ̀ lọ sí Oǹdó, ó sì padà dé pẹ̀lú ojú tó wú. Ìbẹ̀rù rẹ̀ kò farasin: bí òòyì bá tún kọ́ Màmá lójú oorun tàbí nínú balùwẹ̀, ta ni yóò gbé wọn?

Fóònù tó tì mọ́lé náà kò mú àlàáfíà wá. Ọ̀rẹ́olúwa ń lọ sókè sódò nínú ilé bí ẹni tó sọ nǹkan nù. Ó ń jágbe mọ́ àbúrò rẹ̀ lórí ohun tí kò tó nǹkan. Wọ́n wá a tì lọ́jọ́ kan, àfi ìgbà tí wọ́n bá a lẹ́yìn ilé Ọládiípọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó yá fóònù onífóònù, ó ń wo fídíò lábẹ́ igi máńgòrò. Lọ́lá bá ké sí mi. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, mo lọ.

Gbogbo wọn jókòó sí pálọ̀. Bọ́láwálé ló bẹ̀rẹ̀. "Àǹtí, ẹ bá mi bi ọmọ yìí léèrè, kí ló wà nínú fóònù tó ju ìyá mi lọ? Kí ló wà níbẹ̀ tí kò fi lè..."

Fóònù rẹ̀ dún lórí itan rẹ̀. Ó wò ó. Ó tẹ̀ ẹ́. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Nígbà tó gbójú sókè, gbogbo wa ń wò ó.

"Ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù ni," ló sọ, ó sì dojú fóònù délẹ̀.

"Ẹ ṣeun," mo dá a lóhùn. "Ibẹ̀ gan-an ni mo ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀."

Mo kọjú sí Ọ̀rẹ́olúwa. "Sọ òótọ́ fún mi. Kí ló ń ṣe ọ́ bí o bá gbé e dání?"

Ó dáhùn pé, "Àǹtí, mo máa ń sọ fún ara mi pé fídíò kan péré. Òmíràn á tún yọ. Mi ò mọ bí àkókò ṣe ń lọ. Mo fẹ́ gbé e sílẹ̀, ọwọ́ mi ò ní gbà. Nígbà tí Dádì gbà á, ó ń ṣe mí bí ẹni tí ebi ń pa." Omi bọ́ lójú rẹ̀. "Mo fẹ́ràn Màmá. Mi ò mọ̀ pé etí mi ti di."

"Mo mọ̀ pé o fẹ́ràn wọn," mo sọ. "Ẹ̀yin òbí rẹ̀, ẹ gbọ́ mi. Ìwà ìkà kọ́ lèyí, àṣejù tó ti di bárakú ni. Ìwé ní ojú-ewé ìkẹyìn. Bọ́ọ̀lù ní fèrè ìparí. Àwọn fídíò wọ̀nyí, wọ́n dìídì ṣe wọ́n kí wọ́n má lópin ni, kí ẹni tó ń wò ó lè máa wò ó lọ. Àgbàlagbà ń bá a jìjàkadì, ká má tíì sọ ọmọdé. Bó bá ti di pé ọmọ ò sùn tó, ó ń fi oúnjẹ sílẹ̀, ó ń bínú bí wọ́n bá gbà á, ó ń yẹra fún èèyàn, ó ti ń di àìsàn nìyẹn."

"Ẹ̀ẹ̀, kí n fọ́ fóònù náà ni?" Bọ́láwálé bèèrè.

"Rárá. Òun ló máa fi wo ọ̀rọ̀ yunifásítì rẹ̀, òun ló máa fi kàwé. Bí ẹ bá gbà á pẹ̀lú ipá, yóò yá tẹlòmíràn, ẹ ti rí i. Ọwọ́ ọ̀tún ni ẹ fi bá a wí, ọwọ́ òsì tí a fi ń fa ọmọ mọ́ra dà? Ẹ jọ ṣe òfin ilé, kí òfin náà mú ẹ̀yin náà. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde."

Lọ́lá ló kọ́kọ́ dìde. Ó gbé apẹ̀rẹ̀ tó fi ń kó èso wá, ó da ọsàn inú rẹ̀ sórí tábìlì, ó sì fi fóònù tirẹ̀ síbẹ̀. Bọ́láwálé wo fóònù rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ dágbére fún un. Òun náà jù ú sí i.

Ibẹ̀ ni wọ́n ti fẹnu kò. Gbogbo fóònù á máa sùn nínú apẹ̀rẹ̀ ní pálọ̀, kò ní wọ yàrá ẹnikẹ́ni. Kò sí fóònù nídìí oúnjẹ. Ẹni tó bá wà nílé pẹ̀lú Màmá kò gbọdọ̀ kì íápíìsì bọ etí. Ọ̀rẹ́olúwa á padà sí pápá bọ́ọ̀lù tó ti pa tì, nítorí bí o bá gba nǹkan lọ́wọ́ ọmọ, tí o ò fi nǹkan sí i, yóò padà sídìí ti tẹ́lẹ̀. Ìkíni àárọ̀ sì gbọdọ̀ jẹ́ ti ojúkojú.

"Ta ni a máa kí?" Precious bèèrè. "Màmá ti lọ."

Sátidé tó tẹ̀ lé e, gbogbo wa ló wọkọ̀ lọ sí Oǹdó. Wọ́n ní kí n tẹ̀ lé àwọn, mo sì ti ń ronú iyán.

Màmá jókòó sójúde wọn ní àdúgbò Yaba nílùú Oǹdó, wọ́n ń bá ìyá oníbúrẹ́dì sọ̀rọ̀. Ọ̀rẹ́olúwa bọ́ sílẹ̀ kí ọkọ̀ tó dúró dáadáa. Kò wá ẹní, kò wá ibi tó mọ́. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí ilẹ̀ pupa, níwájú gbogbo àdúgbò, pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀tì funfun tí ìyá rẹ̀ fọ̀.

"Màmá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ ká relé."

Màmá ò sáré gbé e dìde. Wọ́n tẹ̀ síwájú lórí àga, wọ́n di àgbọ̀n rẹ̀ mú, wọ́n gbé ojú rẹ̀ sókè, wọ́n sì wò ó fún ìgbà pípẹ́.

"Ojú rẹ pọ́n. O kì í sùn dáadáa."

"Bẹ́ẹ̀ ni mà."

"O ti rù."

"Bẹ́ẹ̀ ni mà."

"Ṣé o rí i? Ọ̀sẹ̀ mélòó ni mo fi gbé ilé yín, mi ò mọ èyí. Sítíkà rẹ ò rù, ojú rẹ̀ ò sì pọ́n." Wọ́n wo gbogbo wa. "Ẹ rò pé torí iyì ni àgbà ṣe fẹ́ kí ọmọ kí òun? Bí ọmọ bá kúnlẹ̀ síwájú mi láàárọ̀, mo ń wo ojú rẹ̀ ni. Mo ń gbọ́ bí ohùn rẹ̀ ṣe jáde. Bí ara rẹ̀ ò bá yá, bí nǹkan ń dà á láàmú, mo ti máa mọ̀ kí ó tó dìde. Òun náà á sì mọ̀ bí mo ṣe jí. Iṣẹ́ tí ìkíni ń ṣe nìyẹn."

Nọ́ọ̀sì ni mí, mo ti ka ìwé púpọ̀ lórí àyẹ̀wò ara. Kò sẹ́ni tó ti bá mi ṣàlàyé dọ̀bálẹ̀ báyẹn rí.

"Bí mo bá pè ọ́ ńkọ́?" Màmá bi í.

"Màá gbọ́, Màmá."

"Ó dáa. Bó o bá tún di etí, o mọ̀nà Oǹdó, èmi náà mọ̀ ọ́n."

Wọ́n bá wa padà. Ìyá oníbúrẹ́dì fi búrẹ́dì gbígbóná sìn wá.

Ẹ má rò pé gbogbo rẹ̀ rọrùn. Ọ̀rẹ́olúwa padà sídìí ti tẹ́lẹ̀ nígbà mélòó kan. Wọ́n bá a pẹ̀lú fóònù nínú balùwẹ̀, ó sì bẹ̀bẹ̀. Bọ́láwálé náà ṣe tiẹ̀. Precious ká a mọ́ ibi tó ti ń yọ fóònù nínú apẹ̀rẹ̀ jẹ́jẹ́, ó ní, "Dádì, apẹ̀rẹ̀ ń pè yín o," ọkùnrin gìrìwò bá dá a padà bí olè. Ṣùgbọ́n oorun bẹ̀rẹ̀ sí í padà sójú Ọ̀rẹ́olúwa. Ẹnu rẹ̀ tú. Ó ń bá Màmá jókòó, Màmá ń kọ́ ọ ní ọ̀rọ̀ Oǹdó, ó ń sọ ọ́ gbágungbàgun, Màmá sì ń rẹ́rìn-ín títí omi á fi jáde lójú wọn. Mo ń gbọ́ wọn láti ẹ̀yìn ògiri, inú mi ń dùn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Ọ̀rẹ́olúwa dọ̀bálẹ̀ síwájú àga Màmá bó ṣe máa ń ṣe.

"Ẹ káàárọ̀ mà. Ṣé dáadáa lẹ jí?"

Màmá dá a lóhùn, àmọ́ ọ̀rọ̀ náà wúwo lẹ́nu wọn, ó ń fà. Ọwọ́ ọ̀tún tí wọ́n fi máa ń kan orí rẹ̀ kò dé orí rẹ̀. Ó gbójú sókè. Ẹnu Màmá ti yẹ̀ díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Ẹni tí kò bá rí ojú wọn lójoojúmọ́ lè má mọ̀. Ọ̀rẹ́olúwa mọ̀. Ó fò dìde, ó mú fóònù nínú apẹ̀rẹ̀, ó pè mí.

"Àǹtí, ẹnu Màmá ti yẹ̀. Ẹ máa bọ̀, ẹ jọ̀wọ́."

Mo mọ ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Rọpárọsẹ̀ ló ń kanlẹ̀kùn yẹn, kì í sì í fẹ́ kéèyàn fi àkókò ṣòfò. Bọ́láwálé ò tíì jáde nílé. Kíá la gbé Màmá dé ilé ìwòsàn, Ọ̀rẹ́olúwa gbé orí wọn lé àyà rẹ̀, ó ń dárúkọ wọn lójú ọ̀nà, ó ń sọ pé kí wọ́n máa dá òun lóhùn. Wọ́n ń dá a lóhùn.

Nígbà tí dókítà yẹ̀ wọ́n wò tán, ó jáde sí wa. "Ẹ ṣeun tí ẹ tètè dé. Ta ló kọ́kọ́ rí i?"

Gbogbo wa kàn wo ọmọkùnrin tó ga bí ọ̀pẹ yẹn, tó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ tó ń sunkún.

Màmá ti padà sílé. Ọ̀pá ni wọ́n fi ń rìn, ẹnu wọn sì ti padà sípò, àwàdà inú rẹ̀ ò dín.

Ẹ̀yin òbí, mo bẹ̀ yín, ẹ má fi fóònù ṣe olùtọ́jú ọmọ, ẹ má sì sọ ọ́ di ọ̀tá. Ẹ wá ibi tí fóònù gbogbo ilé á máa sùn, kí tiyín ṣíwájú. Ẹ jẹun pọ̀, kí ẹ sì wo ojú ara yín. Bí ọmọ yín ò bá sùn mọ́, tó ń ya ara rẹ̀ sọ́tọ̀, tí ìbínú rẹ̀ ń pọ̀ sí i nídìí fóònù, ẹ má lù ú, ẹ mú un lọ bá elétò ìlera nítòsí kí ó gbà yín nímọ̀ràn. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ yọ íápíìsì létí bí àgbà tàbí ọmọ kékeré bá wà ní ìkáwọ́ yín. Ẹ máa gbé fóònù sílẹ̀ kí oorun tó kùn yín. Bí ẹ bá rí i pé ọwọ́ yín ò lè gbé e sílẹ̀, ẹ sọ jáde. Kì í ṣe ìtìjú; Ọ̀rẹ́olúwa sọ ọ́, ìyẹn ló sì gbà á. Àti gbogbo wa: bí ẹnu ẹnikẹ́ni bá yẹ̀, tí ọwọ́ rẹ̀ kọ̀ tí kò gbéra, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń fà, ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀.

Ọ̀rẹ́olúwa ti rí yunifásítì wọ báyìí, ó ti kúrò nílé. Àárọ̀ àkọ́kọ́ tó jí níbẹ̀, mo wà ní pálọ̀ wọn nígbà tí fóònù Màmá dún. Mo rò pé sítíkà ni. Ìpè alójúkojú ni. Ó ti gbé fóònù ti korobá, ó sì dọ̀bálẹ̀ lórí ilẹ̀ yàrá níwájú àwọn ọmọ tí wọ́n jọ ń gbé, wọ́n ń fi í rẹ́rìn-ín.

"Ẹ káàárọ̀ mà. Màmá, ẹ sún mọ́ fóònù díẹ̀, kí n rí ojú yín dáadáa."

Màmá sún mọ́ ọn. Wọ́n ní, "Wò ó dáadáa, ọma mi."